Ta Ni Ń Béèrè Ọmọ Tí Ó Lọ Kàwé?

Ibi kíkà: Ìwé Dáníẹ́lì, orí kìn-ín-ní.

Lọ́dọọdún, nígbà tí àkókò bá tó tí àwọn ọmọ wa yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a máa ń pè wọ́n síwájú pẹpẹ, a máa ń gbàdúrà fún wọn, a máa ń dá owó jọ fún wọn, àwọn ìyá wọn a sì máa di gàrí àti èlùbọ́ sínú àpò fún wọn. Ohun rere ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn, èmi kò sì fẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó sọ ọ́: lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé ọmọ náà lọ tán, ta ni ń béèrè rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà nínú ìjọ tí mo ń bójútó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Òun ni ó sábà máa ń ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní fún wa ní ìsìn òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ìjókòó ẹ̀yìn láìṣe pé ó pariwo. Ó yege, ó wọ yunifásítì, gbogbo wa sì bá ìyá rẹ̀ yọ̀, opó tí ń ta aṣọ. Ní ọdún kejì, ìyá yìí lọ bẹ ọmọ rẹ̀ wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá a ní iyàrá ní ọ̀sán gangan, lórí ibùsùn, fèrèsé wà ní títì. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti tẹ kíláàsì.

Nígbà tí a mú un wá sọ́dọ̀ mi, mo ti múra ìbáwí sílẹ̀. Mo rò pé ọ̀lẹ ni ó dà, tàbí pé ẹgbẹ́ búburú ni ó tàn án. Mo bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ìwé náà ti le jù fún ọ ni?" Ó dá mi lóhùn pé, "Rárá, Bàbá. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa kíláàsì jẹ, ẹ̀rù bà mí títí di alẹ́ pé ẹnìkan yóò béèrè mi. Kò sí ẹni tí ó béèrè. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀rù náà dínkù." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún wí pé, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹ bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún kan àbọ̀, èsì ìdánwò ni ẹ sì béèrè nígbà méjèèjì."

Ìbáwí tí mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀ sọnù mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka orí kìn-ín-ní ìwé Dáníẹ́lì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí i pé ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti ilẹ̀ Júdà, Dáníẹ́lì, Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Asaráyà, ni a kó lọ sí Bábílónì. A fi wọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ ọba láti kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kálídéà. Ọdún mẹ́ta ni a dá fún wọn, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dúró níwájú ọba. Wọ́n jìnnà sí ilé. Èdè tí a fi ń kọ́ wọn kì í ṣe èdè ìyá wọn. Orúkọ wọn pàápàá ni a yí padà. Bí ó bá yẹ kí ìwé sú ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ó sú àwọn mẹ́rin wọ̀nyí. Síbẹ̀ nígbà tí ọdún mẹ́ta náà pé, a kò rí ẹni tí a lè fi wé wọn láàrin gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Kí ni ó dì wọ́n mú? Ìwé Mímọ́ sọ gbangba pé Ọlọ́run ni ó fún wọn ní ìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo orí náà, a ó rí ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà ṣe é, mẹ́rin sì ni.

Èkínní ni ìpinnu. Dáníẹ́lì pinnu nínú ọkàn ara rẹ̀ ohun tí òun yóò ṣe àti ohun tí òun kì yóò ṣe. Bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti bá a pinnu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìdí tí òun fi ń kàwé a máa fara da ebi, a máa fara da òkùnkùn àti ooru iyàrá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwa òbí ń ṣe. Bàbá kan fẹ́ kí ọmọ òun di dókítà nítorí pé ọmọ aládùúgbò rẹ̀ di dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tirẹ̀ sì ti fẹ́ràn ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn láti kékeré. Ọmọ náà lọ sí ibi tí a rán an, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a lọ. Kí a tó béèrè iye owó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ wa pé, "Kí ni o fẹ́ fi ìwé yìí ṣe, ta ni yóò sì jẹ àǹfààní rẹ̀?" Kí a sì ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin.

Síbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Ọmọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí ní ìpinnu nígbà tí ó kúrò nílé. Ìpinnu dàbí iná àdògán: bí kò bá sí ẹni tí ń ti igi rẹ̀ sínú, yóò kú nígbà tí igi kò tí ì tán. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ dúró sí ibi èkínní yìí.

Èkejì ni ẹgbẹ́. Nígbà tí Dáníẹ́lì bá ìríjú tí a fi ṣe alábòójútó wọn sọ̀rọ̀, kò tọrọ fún ara rẹ̀ nìkan. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó tọrọ fún. Ní orí kejì, nígbà tí ọ̀ràn tí ó le jù lọ dé bá a, ilé ni ó lọ, ó sì sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Àwọn baba wa wí pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Olùkọ́ ìṣirò kan wà ní Yunifásítì California ní ìlú Berkeley, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Uri Treisman. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní ibẹ̀ ń kùnà nínú ìṣirò gíga tí a ń pè ní kálíkúlọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn ọmọ ìran Ṣáínà tí wọ́n jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ń ṣe dáadáa. Ó bi àwọn olùkọ́ mìíràn léèrè ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ọmọ náà kò ní ìtara. Àwọn mìíràn ní ilé-ìwé tí wọ́n ti wá kò dára, tàbí pé òbí wọn kò ka ẹ̀kọ́ sí, tàbí pé òṣì ni ó fà á. Treisman kò gbà wọ́n gbọ́ láìwádìí. Ó mú 20 nínú àwọn aláwọ̀ dúdú àti 20 nínú àwọn ọmọ Ṣáínà, ó sì ń wo bí wọ́n ti ń gbé àti bí wọ́n ti ń kàwé. Ó rí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìdí wọ̀nyí tí ó lè dúró. Àwọn aláwọ̀ dúdú náà ń ṣiṣẹ́, àwọn òbí wọn sì ń fi ìrètí wò wọ́n; ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ń dá kàwé. Ní ti àwọn ọmọ Ṣáínà, olúkúlùkù a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a pàdé, wọn a jọ jẹun, wọn a sì yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, títí tí ẹni tí ó ṣì yóò fi mọ ibi tí ó ti ṣì.

Ẹ gbọ́ ohun tí olùkọ́ yìí wá ṣe. Kò fún àwọn tí ń kùnà ní iṣẹ́ tí ó rọrùn. Ó kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké, ó sì fún wọn ní iṣẹ́ tí ó le ju ti kíláàsì lọ kí wọ́n jọ ṣe é. Àwọn tí ó wọ inú ẹgbẹ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí yege, wọ́n sì dúró nínú ẹ̀kọ́ wọn. Òye wọn kò pọ̀ sí i lóru ọjọ́ kan. Wọn kò dá wà mọ́ ni.

Àwa pẹ̀lú ti rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Fún oṣù mẹ́jọ ni àwọn ọmọ wa fi jókòó nílé. Nínú ìjọ wa, àwọn mẹ́rin kan, ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì, a máa pàdé ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú àtùpà kan. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ kò jọra, ṣùgbọ́n olúkúlùkù a sọ fún àwọn yòókù ohun tí ó kà láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Nígbà tí ilẹ̀kùn yunifásítì ṣí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Nínú àwọn tí ó dá wà, mo mọ méjì tí wọn kò padà mọ́ títí di òní.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ń bójútó wọn. Ọlọ́run jẹ́ kí Dáníẹ́lì rí ojúrere lọ́dọ̀ olórí àwọn ìwẹ̀fà, a sì fi ìríjú kan ṣe olùtọ́jú wọn. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé wọn ni, kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n, ó ń wo ojú wọn, ẹ̀rù sì ń ba olórí àwọn ìwẹ̀fà náà kí wọn má baà rù. Ẹ wo Olúwa wa pẹ̀lú, nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, gẹ́gẹ́ bí Lúùkù ti kọ ọ́ ní orí kejì: àárín àwọn olùkọ́ ni ó jókòó sí nínú Tẹ́ḿpìlì, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Bí àwọn olùkọ́ wọnnì bá ti lé e dànù pé ọmọdé ni, níbo ni ì bá ti béèrè?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún baba wa Samuel Ajayi Crowther. A mú un lẹ́rú ní ìlú Ọ̀ṣóògùn ní ọdún 1821, a sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ olówò-ẹrú ní ọdún 1822, a mú un dé Sàró láìmọ̀ lẹ́tà kan. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1837 ó ròyìn pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí òun dé ibẹ̀, òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Lẹ́yìn èyí ni a fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ láti máa kọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì ń fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ kíyèsí èyí, ẹ̀yin olùkọ́: ọmọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún kan ni a fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, tí àwọn mìíràn sì ń retí rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹni tí a ń retí kò lè ṣàì wá. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay; ní ọdún 1864 a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ ti ọdún 1864. Èmi bẹ̀ yín kí ẹ rántí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ náà, àti àwọn tí ó jókòó tì í.

Ẹ̀kẹrin ni ìdánwò kékeré. Ọdún mẹ́ta ni ọba dá fún ìdánwò ńlá, ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń sá fún ìdánwò títí yóò fi ká wọn mọ́, wọn a sì di gbogbo ìwé oṣù mẹ́rin lé ara wọn lórí ní òru ọjọ́ kan. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ méjì, Roediger àti Karpicke, tẹ èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ọ̀rọ̀ kan ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á ní ìgbà kan, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì gbìyànjú ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó rántí jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 40 nínú 100 ni ó kù lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí ìdá 61 wà lọ́wọ́ àwọn tí ó dán ara wọn wò. Kíkà léraléra ń fún ènìyàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kì í tọ́jọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pa ìwé dé, kí ó sì sọ ohun tí ó kà fún ẹnìkan. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tí ì mọ̀ ọ́n, ó sì sàn kí ó mọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá ju kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n níwájú ọba.

Mo mọ̀ pé àgbà kan yóò kà á dé ibí yìí, yóò sì wí pé, "Ní ìgbà tiwa, ta ni ó bá wa dì í mú? Fìtílà ni a fi kàwé, a sì yege." Bàbá, mo júbà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ. Agogo ni ó ń jí yín. Bí ẹ kò bá sí níbi àdúrà òwúrọ̀, a mọ̀. Bí ẹ kò bá jẹun, a béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ẹ dá a ṣe, a kà yín láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Lónìí kíláàsì kan lè gba ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn, olùkọ́ kò sì lè mọ orúkọ wọn. Ọmọ tí ó bá sọnù níbẹ̀ kì í pariwo tí ó bá ń sọnù.

Ǹjẹ́ kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe béèrè èsì nìkan. Ẹ máa béèrè ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Kí ni o kọ́? Ta ni ẹ jọ ń kàwé?" Bí kò bá lè dárúkọ ẹnìkan, ẹ má fi ọ̀ràn náà jáfara. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bí ẹ kò bá lè mọ gbogbo wọn, ẹ mọ mẹ́wàá. Ẹ sì pín àwọn yòókù sí ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọn yóò fi lè mọ ara wọn. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sínú ìwé kan, kí a sì fi orúkọ àgbà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò máa pè é lórí fóònù, tí yóò sì lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èyí kò ná wa ní iye tí aṣọ ẹgbẹ́ wa ń ná wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tí ẹ bá dé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ìjókòó ẹnìkan ṣófo fún ọjọ́ méjì, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin wa, ó padà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti ẹgbẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ń wá pè é láràárọ̀ fún oṣù kan gbáko, èmi náà sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ti gba oyè rẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ọdún kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó aṣọ tí ìyá rẹ̀ tà fún ọdún náà sì bá a lọ. Èmi kò lè dá a padà fún wọn.

Olúwa wa pa òwe olùṣọ́-àgùntàn kan tí ó ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn, tí ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ láti wá ọ̀kan tí ó sọnù. A máa ń yìn ín fún bí ó ti rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yìn ín nítorí pé ó kà wọ́n. Ẹni tí kò ka agbo rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọ̀kan kò sí níbẹ̀, àgùntàn náà ì bá sì ti kú sí aginjù kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Kí Olúwa, ẹni tí ó mọ olúkúlùkù wa ní orúkọ, kí ó ṣí wa lójú láti ka àwọn ọmọ wa, kí ó sì pa wọ́n mọ́ ní ibi gbogbo tí wọ́n gbé ń kẹ́kọ̀ọ́, nípasẹ̀ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.